Ehoro fẹ́ẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ mi tán o: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń kan àpótí tó ń mú un láàyè?

ÌyáTọ́míwá (Maryland, Amẹ́ríkà), Ọjọ́ Ajé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ehoro yìí.

Tẹ̀tẹ̀, ilá àti ẹ̀wà ni mo gbìn sẹ́yìnkùlé lọ́dún yìí. Tẹ̀tẹ̀ yẹn yọ dáadáa, mo ti ń ṣírò ọjọ́ tí màá já a fi ro ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mo jáde, ebè méjì gbáko, gbogbo orí tẹ̀tẹ̀ ti lọ, igi rẹ̀ ló kù. Ọjọ́ kejì, ó kan ẹ̀wà. Lónìí ni mo wá ká a mọ́bẹ̀: ehoro kan, ìrù rẹ̀ funfun bí òwú, ó jókòó sáàárín ilá. Mo pariwo, kò sá. Ó kàn ń wò mí bíi pé èmi ni mo wá jalè.

Mi ò fẹ́ lo májèlé nítorí àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀. Mi ò sì lè pa á, torí Tọ́míwá ti sọ ọ́ lórúkọ. Sùúrù ló ń jẹ́. Àpótí onírin tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n jù lójú mi. Pákó àlòkù wà nínú gáréèjì wa, ayùn wà, òòlù wà, ọkọ mi náà wà (bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún). Báwo lẹ ṣe ń kan èyí tí yóò mú un láìṣe é léṣe?

ỌdẹÒkèÒgùn (Ṣakí), Ọjọ́ Ajé

Ẹran wá bá yín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ ní ẹ fẹ́ kan ilé fún un. Hùn.

Okùn ìdẹ ni ká dẹ fún un, ìyá mi. Ehoro kì í gbé inú ihò bí òkété. Abẹ́ koríko ló ń ba sí lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ibì kan náà ló máa ń gbà lálaalẹ́. Ẹ wá ibi tí koríko ti tẹ̀ lọ gbọọrọ, kí ẹ ta wáyà síbẹ̀, kí ojú okùn fẹ̀ tó ìkúùkù. Ó parí.

Bọ̀dáKent (Gillingham), Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ẹ rọra o. Ní Wales, wọ́n ti fi òfin de okùn ìdẹ láti 2023, Scotland tẹ̀lé e ní 2024. England níbí ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé tí ọmọ ń ṣeré, tí ológbò aládùúgbò ń kọjá, ta ni yóò dẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀? Okùn ò mọ̀ bóyá ehoro ni tàbí ológbò, ọrùn ló mọ̀.

Ẹ tún ní ehoro kì í gbé ihò. Èwo lẹ rí? Ehoro tó ń bá mi jà nínú allotment mi (oko kékeré tí mo yá), odindi ìlú ni wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó mẹ́jọ lábẹ́ igi ẹ̀gún kan ṣoṣo. Ìyá Tọ́míwá, ihò wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kí ẹ sì wo ojú eléyìí tí kò sá yẹn dáadáa. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní myxomatosis, Kent níbí gan-an ló ti kọ́kọ́ yọjú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1953. Ojú ehoro á wú, kò ní ríran mọ́, á kàn jókòó sójú títì bí ọmọ tó sọnù.

Àjọkẹ́Houston, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ tí ẹ ń pè ní ehoro yìí o.

Ti Ṣakí, inú koríko gbangba ló ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, eré ló gbójú lé. Ti Kent ló ń gbẹ́ ihò. Èyí tí Ìyá Tọ́míwá rí, tí ìrù rẹ̀ rí bí òwú, cottontail lorúkọ rẹ̀ níbí. Kì í gbẹ́ ihò rárá. Abẹ́ igi kúkúrú, abẹ́ pákó ìjókòó ìta, inú ihò tí ẹran mìíràn gbẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa bá a. Kò sì ṣàìsàn torí pé kò sá, Bọ̀dá. Bó ṣe ń fara pamọ́ nìyẹn: á dúró gbagidi, á máa retí pé ẹ ò rí òun. Ẹ sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ méjì sí i, ẹ ó rí i bó ṣe máa fò kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

Àǹtí mi, kí ẹ tó kan ohunkóhun, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti jẹ ewé yẹn. Tó bá gé ṣáká, ní ìdágẹ̀rẹ́, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ehoro ni. Tó bá já jágajàga, àgbọ̀nrín ni, torí kò ní eyín iwájú lókè, fífà ló ń fa ewé já. Ní ọdún kẹta tí mo dé ilé yìí, ehoro ni mo ń bú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbọ̀nrín ló ń wọlé lóru.

ÌyáTọ́míwá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti lọ wò ó báyìí. Ó gé ṣáká. Ìgbẹ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ roboto-roboto, ó gbẹ, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Sùúrù ni.

BàbáKáfíńtà (Atlanta), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Georgia níbí ni mo ti mọ àpótí ehoro. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ aládùúgbò mi, ló kọ́ mi. Ó ní nígbà èwe òun, ìtì igi tó ti lu inú ni àwọn fi ń ṣe é, wọ́n sì ń pè é ní rabbit gum, nítorí igi kan tí wọ́n ń pè ní gum ló sábà máa ń jẹ́. Kò sí irin nínú rẹ̀ ju ìṣó àti wáyà díẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń kàn án.

Pákó 1×8 méjì fún ẹ̀gbẹ́, ínǹsì 24 ní gígùn. Pákó 1×6 kan fún ìsàlẹ̀, òun náà 24. Pákó 1×6 mìíràn fún òrùlé, ṣùgbọ́n ẹ gé ti òrùlé sí 22, torí ààyè ínǹsì méjì tó ṣẹ́ kù níwájú yẹn ni ilẹ̀kùn máa gbà bọ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ pákó tàn yín jẹ o: èyí tí wọ́n ń tà ní 1×6 níbí, ínǹsì 5½ ló fẹ̀. Ẹ ti ìsàlẹ̀ àti òrùlé sáàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ kàn wọ́n pọ̀. Inú rẹ̀ á fẹ̀ tó ínǹsì 5½, á ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó ní ó fún jù. Kò fún. Bó bá fẹ̀, ehoro á yípo nínú rẹ̀ láìfara kan ohunkóhun, á sì jáde.

Ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fi pákó dí i. Wáyà ni kí ẹ kàn mọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ehoro kì í fẹ́ẹ́ wọ ihò tí kò rí òpin rẹ̀, àfi tí ajá bá ń lé e.

Ilẹ̀kùn: plywood fẹ́lẹ́, ínǹsì 5¼ ní fífẹ̀, 8 ní gíga. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níwájú, kí ilẹ̀kùn máa gba àárín wọn lọ sókè lọ sísàlẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà ha etí rẹ̀, kí ẹ fi àbẹ́là pa ojú ọ̀nà náà. Ó gbọ́dọ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ má ṣe ọwọ́ ràn án. Tí òjò bá rọ̀, pákó á wú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀.

Lókè, ẹ kan òpó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ní àárín gígùn rẹ̀, kí ó yọ sókè òrùlé ní ínǹsì 9 tàbí 10, kí orí rẹ̀ là bí ẹnu kànnàkànnà. Ọ̀pá gígùn kan á dùbúlẹ̀ lé e bí ìwọ̀n ọlọ́jà. Ẹ so orí iwájú ọ̀pá mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ so orí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ igi kékeré kan tó nípọn tó ìka ọwọ́, òun ni yóò wọ inú àpótí. Ẹ lu ihò ínǹsì kan sí òrùlé, ní ínǹsì 6 sí ẹ̀yìn, kí igi náà gba ibẹ̀ kọjá, kó ku ínǹsì méjì kó kan ilẹ̀. Ẹ wá gé ojú kékeré kan sí ara igi náà, bí eyín, kó lè kọ́ etí ihò lábẹ́ òrùlé. Ilẹ̀kùn ń wúwo síwájú, ojú yẹn ló dá a dúró. Ehoro wọlé, ó ń lọ sẹ́yìn, ara rẹ̀ gbá igi, ojú náà yọ, igi fò sókè, ilẹ̀kùn bọ́.

Pákó ògbólógbòó ló dára jù. Pákó tuntun tó ń rùn, wọn á yẹra fún un.

Adéọlá_Ọ̀jọ́ọ̀ (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ ṣeun Bàbá. Ṣé ó lè mú òkété? Òkété ti wú gbogbo ẹ̀pà mi.

ỌdẹÒkèÒgùn, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òkété tí ó ń fi eyín pa ẹyìn, ṣé pákó ló máa dá a dúró? Irin ni. Kí ẹ sì fi ẹyìn tó pọ́n sínú rẹ̀.

BàbáKáfíńtà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Bó bá pẹ́ nínú rẹ̀, á jẹ ẹ́ jáde.

ÌyáÌbejìPeckham, Ọjọ́rú

Kárọ́ọ̀tì! Ẹ fi kárọ́ọ̀tì sínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀.

Àjọkẹ́Houston, Ọjọ́rú

Inú àwòrán ọmọdé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìbejì 😂. Ápù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù fún mi, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù nìyẹn, nígbà tí koríko ti gbẹ. Nísinsin yìí tí ebè tẹ̀tẹ̀ wà níta, kí ló máa fẹ́ fi ápù ṣe?

BàbáKáfíńtà, Ọjọ́rú

Bàbá tó kọ́ mi kì í fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ó ní ibi ìfarapamọ́ ni ehoro ń wá, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń gbà kọjá, ẹ da ewé gbígbẹ lé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́rin láìdẹ ẹ́, kí ó lè mọ̀ ọ́n lójú.

DókítàẸran (Ìbàdàn), Ọjọ́rú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà kí ẹ tó dẹ ẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí a wà yìí, wọ́n ń bímọ. Cottontail máa ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 28, kò sì ní bí ẹyọ kan. Kòtò kékeré kan báyìí ló ń bí wọn sí, nínú koríko àgbàlá gan-an, á já irun àyà rẹ̀ bò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, ló ń wá fún wọn lọ́mú. Bí ẹ bá mú ìyá wọn lọ, ebi á pa wọ́n kú sínú koríko yín, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ rìn káàkiri àgbàlá kí ẹ tó gé koríko. Ibi tí koríko gbígbẹ àti irun bá ti pọ̀ jọ, ẹ yà á sílẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n á fi kúrò níbẹ̀.

Èkejì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Àrùn kan wà tí ehoro Amẹ́ríkà ń kó ran ènìyàn, tularemia, ibà líle ni, ó ń gba ojú egbò wọlé, eégbọn náà sì ń gbé e kiri. Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ lásán bó ẹran, mo ń bá yín wí.

Lẹ́yìn náà, ẹran tó bá wọ àpótí ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́ ni kí ẹ máa wò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́kè. Oòrùn ọ̀sán nínú àpótí onípákó, wákàtí díẹ̀ ló fi ń pa ehoro.

Bọ̀dáKent, Ọjọ́rú

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹnìkan ò tíì sọ: tí ẹ bá mú un tán, ibo lẹ fẹ́ gbé e lọ? Ọ̀rẹ́ mi kan níbí gbé mẹ́ta sínú ọkọ̀, ó lọ tú wọn sí ẹ̀bá oko àgbẹ̀ kan. Àgbẹ̀ náà rí i. Èmi ò tíì rí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àjọkẹ́Houston, Ọjọ́rú

Ní Amẹ́ríkà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí gbígbé ẹran igbó láti ibì kan dé ibòmíràn, púpọ̀ nínú wọn ò sì gbà á láìgba ìwé àṣẹ. Àǹtí, ẹ pe ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹran igbó ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀. Èmi ò gbé wọn lọ síbì kankan mọ́. Ẹ mú ọ̀kan lọ, òmíràn á gba ipò rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wáyà ni mo fi yí ebè mi ká: wáyà adìyẹ tí ojú rẹ̀ ò ju ínǹsì kan lọ, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Cottontail ò ní fò ó, kò sì ní gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá sáà ti kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bọ̀dáKent, Ọjọ́rú

Ẹsẹ̀ bàtà méjì! Níbí, mítà kan ni ká máa sọ, kí ẹ sì tẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 rẹ̀ sínú ilẹ̀, kí ó kọ ojú síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gba abẹ́ wọlé.

Àjọkẹ́Houston, Ọjọ́rú

Ti yín ló ń gbẹ́lẹ̀, Bọ̀dá. A ti sọ ọ́.

ÌyáTọ́míwá, Ọjọ́ Àìkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti kan àpótí. Bàbá Tọ́míwá fi ojú ara rẹ̀ wọn ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló há, a tún un gé. Mo fi ápù sínú rẹ̀, mo dẹ ẹ́ lánàá. Láàárọ̀ yìí, ápù ti tán, ìgbẹ́ ehoro wà nínú àpótí, ilẹ̀kùn ṣì wà lókè. Sùúrù wá jẹun, ó sinmi, ó sì lọ. Ọkọ mi ní kí n bèèrè lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà ohun tí òun ṣe tí kò dáa.

BàbáKáfíńtà, Ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, mi ò sọ ọ́ yé yín. Ojú tí ẹ gé sára igi yẹn, ibo ló kọ sí?

ÌyáTọ́míwá, Ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀yìn.

BàbáKáfíńtà, Ọjọ́ Àìkú

Ẹ yí i síwájú. Ẹ wò ó: ehoro ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀, ó ń ti ìdí igi lọ sẹ́yìn. Bí ojú bá kọ sẹ́yìn, títì yẹn á tún tì í mọ́ etí ihò ni. Bó bá kọ síwájú, títì yẹn á fà á kúrò. Kí ojú náà má jìn ju ìwọ̀n èékánná lọ. Kí ẹ tó dẹ ẹ́, ẹ fi ìka kan gbá igi náà bí ẹni gbá ọmọ létí ní eré. Bí ilẹ̀kùn ò bá bọ́, ẹ tún ojú náà gé.

Kí ápù sì wà lẹ́yìn igi, mọ́ wáyà, kì í ṣe níwájú rẹ̀.

ÌyáTọ́míwá, Ọjọ́bọ̀

Ó bọ́ lánàá! Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú kíṣìnnì. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn wáyà. Ẹran kan ya ẹnu sí mi, eyín bí ayùn, ojú funfun, ìrù bí ti eku. Opossum ni. Mo ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọkọ mi ló fi igi gígùn gbé ilẹ̀kùn sókè láti ọ̀nà jíjìn. Ẹran náà ò tètè jáde, ó tún jókòó parí ápù.

ỌdẹÒkèÒgùn, Ọjọ́bọ̀

Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ìyàwó mi ní kí n kí yín.

ÌyáTọ́míwá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ibi tó já sí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ opossum, mo gba ti Àjọkẹ́. A ra wáyà adìyẹ, a fi yí ebè ká ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a kàn án mọ́lẹ̀. Mo sùn fọnfọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ilá méjì tún ti lọ. Mo yí ọgbà ká, kò sí ibi tó ya, kò sí ibi tó ṣí. Tọ́míwá ló rí i: Sùúrù wà nínú ọgbà! Abẹ́ ewé ẹ̀wà ló wà nígbà tí à ń kan wáyà. A ti há a mọ́ ọbẹ̀.

A lé e títí, òógùn bo wa, ó ń sáré lẹ́bàá wáyà yípo-yípo. Ìgbà náà ni mo rántí àpótí. Mi ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà, ní ojú ibi tó ń sá gbà gan-an, mo da koríko lé e, gbogbo wa wọlé. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi gbọ́ "gbì". A gbé àpótí kọjá wáyà, Tọ́míwá ló fa ilẹ̀kùn sókè. Ó jáde, ó lọ bí ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó jókòó, ó kọjú sí wa. Kò jìn síbi tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀, mi ò rò pé mo rú òfin ẹnikẹ́ni.

Dókítà, mo ti wá gbogbo koríko, mi ò rí ìtẹ́ ọmọ kankan. Tẹ̀tẹ̀ ti ń pẹ̀ka láti ìdí.

Àjọkẹ́Houston, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ máa wo ẹsẹ̀ wáyà lẹ́yìn òjò, àǹtí. Ibẹ̀ ló ti máa ń ṣí.

Adéọlá_Ọ̀jọ́ọ̀, Ọjọ́rú

Ẹ má bínú pé mo tún dé. Mo kan tèmi bí Bàbá Káfíńtà ṣe wí, mo fi ẹyìn sínú rẹ̀, òkété wọlé, ilẹ̀kùn bọ́. Mo sọ fún ara mi pé màá wá gbé e láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ihò tó gba ìkúùkù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, lúbúlúbú pákó ló wà nílẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá fẹ́ fi páànù bo inú rẹ̀, ṣé kí n kàn án kí n tó pa pákó pọ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?